Ẹ̀sìn Tó Jẹ́ Ọ̀nà Ìgbésí-Ayé Kì Í Ṣe Àṣà Lásán

Ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n ṣe ọdún ìbílẹ̀ ní àríwá Èkìtì lóde òní kí ẹnìkan má gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn kó ní: "Kì í ṣe ẹ̀sìn là ń ṣe o, àṣà ni." Ìbáà jẹ́ ọdún Ògún ní Ìrè tàbí ní Ọ̀yẹ́, ìbáà jẹ́ ti Yemọja ní Ayédé, ìbáà jẹ́ Ẹpa níbi tí wọ́n ti ń gbé e jáde, ọ̀rọ̀ náà kì í pẹ́ jáde lẹ́nu àwọn onílùú. Wọ́n ń sọ ọ́ kí pásítọ̀ má baà bínú, kí ààfáà má baà pa ìlú tì, kí olóṣèlú tó wá láti Adó lè jókòó láìfòyà pé fọ́tò òun á jáde níwájú ojúbọ. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ìrẹ́pọ̀ ló bí ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìrẹ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe òótọ́, ohun tó sì ń gbà lọ́wọ́ wa pọ̀ ju ohun tó ń fún wa lọ. Ẹ̀sìn ni ìṣẹ̀ṣe, ìyẹn ẹ̀sìn ìbílẹ̀ wa. Ẹ̀sìn tó gba gbogbo ìgbésí-ayé ẹni kan ni, ìdí sì nìyẹn tí kò fi jọ ẹ̀sìn lójú ẹni tó gbà pé inú ilé ìjọsìn nìkan ni ẹ̀sìn ń gbé. Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa yékéyéké, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀sìn mìíràn tó jìnnà sí wa, tí irú gbólóhùn yìí ti dé iwájú adájọ́ rí, tó gbe àwọn kan, tó sì ṣe àwọn mìíràn níjàǹbá. Ẹ̀sìn Híńdù ni mò ń wí.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ nípa Híńdù kò ju ohun tí fíìmù Íńdíà fi hàn wá lọ: ijó, orin, ère ọlọ́wọ́ púpọ̀, àti màlúù tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pa. Lórí ìyẹn la ti ń pè wọ́n ní abọ̀rìṣà, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ènìyàn tó lé ní bílíọ̀nù kan ló ń ṣe ẹ̀sìn náà láyé òní. Ìkànìyàn tí wọ́n ṣe ní Íńdíà lọ́dún 2011 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ orílẹ̀-èdè náà, bí ọgọ́rin ni Híńdù. Wọ́n wà ní Nepal, wọ́n wà ní Mauritius, ní Fiji, ní Guyana, ní Gúúsù Áfíríkà. Kò tilẹ̀ jìnnà sí wa tó bí a ṣe rò: ọmọ Ghana kan tí wọ́n bí ní Senya Beraku, tí ayé wá mọ̀ sí Swami Ghanananda Saraswati, lọ gba ẹ̀kọ́ ní Íńdíà, ó padà wá dá ilé àwọn mọ́ńkì Híńdù sílẹ̀ ní Accra lọ́dún 1975, ibẹ̀ ló sì wà títí ó fi kú lọ́dún 2016. Ẹ̀sìn yìí kò ní olùdásílẹ̀ kan tí a lè dárúkọ. Kò ní póòpù, kò sì ní ìwé kan ṣoṣo tó borí gbogbo ìwé yòókù. Veda mẹ́rin ni wọ́n gbà pé ó dàgbà jù, ẹnu àwọn àlùfáà ni wọ́n sì gbé e pa mọ́ sí fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọmọdé á jókòó ti olùkọ́, á máa há a sórí ní ohùn àti ní ìró, kò sì gbọdọ̀ ṣìṣe. Babaláwo tó ti kọ́ odù 256 kò ní béèrè pé báwo ni ìyẹn ṣe ṣeé ṣe. Àjọ UNESCO pàápàá rí bí méjèèjì ṣe jọra: lábẹ́ ètò kan náà ni wọ́n ti bu ọlá fún kíké Veda lọ́dún 2003, tí wọ́n sì bu ọlá fún Ifá lọ́dún 2005.

Kí wá ni àwọn òpó tó gbé ẹ̀sìn náà ró? Híńdù gbà pé ohun mẹ́rin ló yẹ kí ènìyàn lépa láyé. Dharma ló ṣáájú, ìyẹn òdodo àti ojúṣe, ohun tó tọ́ kí ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí rẹ̀, ipò rẹ̀ àti bó ṣe tan mọ́ àwọn tó yí i ká. Artha ni ọrọ̀ àti ohun tí a fi ń gbé ilé ró, kama ni ìfẹ́ àti adùn ayé, moksha sì ni ìdáǹdè ìkẹyìn. Ó yẹ ká fiyè sí i pé ẹ̀sìn yìí kò pe owó ní ẹ̀ṣẹ̀, kò sì pe adùn ní ẹ̀gbin. Ohun tó sọ ni pé dharma gbọ́dọ̀ máa darí méjèèjì. Wọ́n tún pín ìgbésí-ayé sí ìpele mẹ́rin: ìgbà ọmọ-ẹ̀kọ́ tó ń sin olùkọ́ rẹ̀, ìgbà onílé tó ń bọ́ aya àti ọmọ, ìgbà àgbà tó ń já ara rẹ̀ gbà díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ wàhálà ayé, àti ìgbà ẹni tó ti kọ gbogbo ohun ìní sílẹ̀. Karma ni pé ìwà tí ènìyàn bá hù kì í sọnù, yóò padà wá bá onítọ̀hún, bí kì í bá ṣe láyé yìí, láyé tó ń bọ̀, nítorí pé ara ló ń kú, ẹ̀mí ń tún wáyé. Àìṣèkà sí ohun ẹlẹ́mìí, tí wọ́n ń pè ní ahimsa, ló mú kí ọ̀pọ̀ nínú wọn jìnnà sí ẹran, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn: ní tẹ́ńpìlì Kalighat ní Kolkata, wọ́n ṣì ń fi ewúrẹ́ rúbọ. Gbogbo èyí kì í dúró sí tẹ́ńpìlì. Inú ilé ni ojúbọ wà, ìyá ilé ló sábà máa ń tan àtùpà rẹ̀ ní kùtùkùtù. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, ẹni tí wọ́n ń fẹ́, bí wọ́n ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ, bí wọ́n ṣe ń sin òkú, gbogbo rẹ̀ ni ẹ̀sìn náà fọwọ́ kàn.

Ẹni tó bá gbọ́ èyí ní Ìkọ̀lé tàbí ní Ìdó, tó sì ní òun kò rí ohun tó jọ ti ilé baba òun níbẹ̀, kò tíì wo ilé baba rẹ̀ dáadáa. Bọ́lájí Ìdòwú, tó jẹ́ àlùfáà ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, tó sì di olórí ìjọ náà ní Nàìjíríà lẹ́yìn náà, ti fi yé wa nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, tó jáde lọ́dún 1962, pé Yorùbá kò ya ìwà kúrò lára ìjọsìn. Wándé Abímbọ́lá náà fi àpilẹ̀kọ rẹ̀ lórí ìwàpẹ̀lẹ́, lọ́dún 1975, ṣàlàyé pé ìwà ni Ifá fi ń wọn ènìyàn. Síbẹ̀, ẹni tó bá ní ìṣẹ̀ṣe àti Híńdù jẹ́ ọ̀kan náà ń yára jù. Tí a bá bí ọmọkùnrin lẹ́yìn ikú bàbá àgbà, a ó sọ ọ́ ní Babátúndé, a ó sì yọ̀, nítorí ayé dùn ún wá lójú tiwa, ilé la fẹ́ kí bàbá padà sí. Híńdù tó mọ ẹ̀sìn rẹ̀ a máa gbàdúrà pé kí ìpadàwá yẹn dópin, kí òun bọ́ nínú àyípoyípo ikú àti ìbí. Ìyàtọ̀ ńlá nìyẹn, kò sì yẹ kí a fi ìfẹ́ ìjọra bò ó. Ohun tí méjèèjì fi jọra gan-an ni pé kò sí ẹni tó lè sọ ibi tí ẹ̀sìn dópin, tí ìgbésí-ayé sì bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí mò ń lọ gan-an nìyí. Ní Ahmedabad, ní ìwọ̀-oòrùn Íńdíà, àwọn ọmọlẹ́yìn olùkọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Swaminarayan ní tẹ́ńpìlì tí wọn kò jẹ́ kí àwọn tí wọ́n kà sí ẹni àìgbọdọ̀fọwọ́kàn wọ̀. Lọ́dún 1947, ìjọba Bombay ṣe òfin pé gbogbo tẹ́ńpìlì Híńdù gbọ́dọ̀ ṣílẹ̀kùn fún wọn. Àwọn onítẹ́ńpìlì náà gba kóòtù lọ. Àlàyé wọn ni pé àwọn kì í ṣe Híńdù rárá, ẹ̀sìn tiwọn dá dúró, nítorí náà òfin náà kò kan àwọn. Ọdún 1966 ni ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Íńdíà tó dá ẹjọ́ náà, adájọ́ àgbà Gajendragadkar ló sì ka ìdájọ́. Ó ní ẹ̀sìn Híńdù kò ní wòlíì kan, kò ní ọlọ́run kan tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ bọ, kò ní ìlànà ìjọsìn kan ṣoṣo; a lè pè é ní ọ̀nà ìgbésí-ayé. Nítorí pé ó gbòòrò tó bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọlẹ́yìn Swaminarayan wà nínú rẹ̀, wọn kò lè sá jáde, òfin ilẹ̀kùn ṣíṣí sì mú wọn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí ohun tí gbólóhùn "ọ̀nà ìgbésí-ayé" ṣe lọ́jọ́ náà. Ó gbé ẹrù lé onísìn lórí. Ó ní bí ẹ̀sìn rẹ bá kan gbogbo ayé rẹ, o kò lè ní ọ̀rọ̀ ẹni tí o tì mọ́ta kò kan ẹ̀sìn.

Nígbà tó di December 1995, gbólóhùn yìí kan náà tún dé kóòtù náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ mìíràn ni wọ́n bẹ̀ ẹ́ ní ọ̀tẹ̀ yìí. Òfin Íńdíà kò gba olóṣèlú láyè láti fi ẹ̀sìn tọrọ ìbò. Wọ́n fẹ̀sùn kan àwọn olóṣèlú kan ní Maharashtra pé wọ́n fi Híńdù pe ìbò. Ìgbìmọ̀ adájọ́ tí Adájọ́ Verma ṣe olórí rẹ̀ sọ pé pípe Híńdù tàbí Hindutva (ìyẹn jíjẹ́ Híńdù) lásán kò túmọ̀ sí pé ènìyàn ti fi ẹ̀sìn polongo ìbò, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà lè dúró fún ọ̀nà ìgbésí-ayé àwọn ará Íńdíà. Òótọ́ ni pé wọ́n fagi lé ìbò ọ̀kan nínú àwọn olóṣèlú náà nítorí ohun tí wọ́n sọ níbi ìpolongo rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí àwọn òṣèlú mú jáde nínú ìdájọ́ yẹn ni àyè tí wọ́n ń wá. Ọdún mẹ́ta péré ṣáájú, ní December 1992, ni ogunlọ́gọ̀ ènìyàn wó mọ́sálásí Babri lulẹ̀ ní Ayodhya, tí ìjà sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ̀sìn ẹni bá ti di "àṣà gbogbo wa", ẹni tí kò ṣe é nínú ìlú kì í ṣe ẹlẹ́sìn mìíràn mọ́, ó ti di àjèjì sí ìlú. Èyí ni mo fẹ́ kí àwọn tó fẹ́ràn gbólóhùn "àṣà ni" ní Èkìtì rò dáadáa. Nígbà tí wọ́n bá ti ní kì í ṣe ẹ̀sìn, agbára tí òfin fún ẹni tí kò fẹ́ láti sọ pé òun kò fẹ́ ti dínkù.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ìrè-Èkìtì, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀yẹ́, ni ìtàn sọ pé Ògún ti wọlẹ̀. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́: akọni dé láti ojú ogun, ó bá àwọn ènìyàn níbi tí wọ́n ti pa ẹnu mọ́ nítorí èèwọ̀ ọjọ́ náà, akèrègbè ẹmu ṣófo, inú bí i, ó yọ idà sí àwọn ènìyàn ara rẹ̀, nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ ni àbámọ̀ mú un wọlẹ̀ lọ. Ìtàn yìí kì í ṣe ti ijó. Ẹ̀kọ́ nípa agbára ni: ẹni tí ìlú gbé idà lé lọ́wọ́ lè fi pa ìlú kan náà run bí kò bá kó ara rẹ̀ níjàánu. Ògún yìí kan náà ni alágbẹ̀dẹ, ọdẹ, awakọ̀ àti mẹkáníìkì fi ń búra, nítorí wọ́n gbà pé kì í dárí ji èké. Bí a bá sọ pé ọdún Ògún jẹ́ àṣà lásán, ìlù àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá ló kù. Ìbéèrè tí ọdún náà ń bi ọba, ìjòyè, sójà, ọlọ́pàá àti olóṣèlú, pé kí lẹ ti fi idà ọwọ́ yín ṣe láti èṣí, á bá afẹ́fẹ́ lọ. Ó sì rọrùn fún olóṣèlú láti ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún ọdún tí kò bi í léèrè ohunkóhun.

Kì í ṣe àbá tèmi nìkan ni pé ọdún òrìṣà ń bá aláṣẹ sọ̀rọ̀. Andrew Apter, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà, ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Ayédé àti ní Ìṣàn ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó sì kọ ìwé tó jáde lọ́dún 1992. Ohun tó rí nínú ọdún Yemọja ní Ayédé ni pé nígbà tí ìyá olórìṣà bá ru igbá láti inú igbó wọ ìlú, títí dé ọ̀dọ̀ ọba, kì í ṣe ìyìn nìkan ló ń gbé lọ. Agbára ọba ni wọ́n ń sọ dọ̀tun, wọ́n sì ń rán an létí pé agbára tí ìlú lè sọ dọ̀tun, ìlú lè gbà á. Ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè dúró sọ ní gbangba a máa rí ẹnu sọ jáde lọ́jọ́ náà lábẹ́ ààbò òrìṣà. Apter tilẹ̀ fi ojú yìí wo rògbòdìyàn ìbò gómìnà ọdún 1983 ní ìpínlẹ̀ Oǹdó ìgbà náà, tí Èkìtì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ sọ igbá Yemọja di eré ìdárayá fún àlejò, ẹ mọ̀ pé ohùn tálákà lẹ fẹ́ pa lẹ́nu mọ́.

Ẹ̀rí tó lágbára tí ẹni tó takò mí lè kọ́kọ́ mú wá, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì ló wà, mo sì fẹ́ fún un ní ààyè tó tọ́ sí i. Láti 1947 títí di 1954, Fáda Kevin Carroll àti Fáda Sean O'Mahony, àlùfáà Kátólíìkì láti ẹgbẹ́ SMA, darí ibi iṣẹ́ ọnà kan ní Ọ̀yẹ́. Wọ́n pe àwọn agbẹ́gilére, ahunṣọ àti onílẹ̀kẹ̀ wá síbẹ̀. Bándélé, ọmọ Àrèògún ará Ọ̀sì, gbẹ́gi níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Lámídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá, ti kọ́ṣẹ́ sí i. Mùsùlùmí ni Lámídì, àwọn baba rẹ̀ gbẹ́ ère òrìṣà, òun sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Èrò Fáda Carroll ni pé ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ọnà Yorùbá kò so mọ́ òrìṣà pọ́nbélé, ìgbésí-ayé ọmọ ènìyàn ni wọ́n ń fi hàn, nítorí náà Kristẹni lè lò ó láìdẹ́ṣẹ̀. Ẹni tó takò mí á ní: ṣé o rí i? Nítorí pé wọ́n ya àṣà kúrò lára ẹ̀sìn ni ọwọ́ àwọn agbẹ́gilére fi yè, ká ní wọ́n rọ̀ mọ́ ọn pé ẹ̀sìn ni, wọn ì bá ti sun gbogbo rẹ̀ níná bí wọ́n ṣe sun púpọ̀ níbòmíràn.

Mo gbà pé ọwọ́ wọn yè, mo sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ àlùfáà tó rí ẹwà níbi tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti rí èṣù. Ṣùgbọ́n ẹ wo Ẹpa, tó jẹ́ ti apá ibí wa gan-an. Igi ńlá kan ni wọ́n fi ń gbẹ́ ère orí rẹ̀, ó wúwo débi pé géńdé tó dá ara rẹ̀ lójú ló lè gbé e. Lórí rẹ̀ ni a ti ń rí jagunjagun lórí ẹṣin, ìyá ọlọ́mọ tó kó ọmọ mọ́ra, ọba, àti oníṣègùn. Ẹni tó gbé e gbọ́dọ̀ fò gun òkìtì pẹ̀lú ẹrù náà lórí. Bí ó bá ṣubú, gbogbo ìlú ló kàn. Fáda Carroll ríran kedere pé ìgbésí-ayé ni ère yẹn ń fi hàn. Ibi tí mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ ni pé ó rò pé nítorí náà kì í ṣe ẹ̀sìn. Lójú ẹni tó gbẹ́ Ẹpa, ìyá tó tọ́mọ, akọni tó gba ìlú sílẹ̀ àti oníṣègùn tó wo aláìsàn ni ohun mímọ́, ara ìjọsìn ni pé kí ọ̀dọ́mọkùnrin fi ọrùn ara rẹ̀ gbé wọn. Dharma gan-an nìyẹn ní ọ̀nà tiwa. Ère kan náà tí wọ́n gbé sínú gíláàsì ní mùsíọ́ọ̀mù ní Yúróòpù ṣì lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò ní kí ẹnikẹ́ni gbé ẹrù kankan mọ́.

Àtakò kejì ni ti ìrẹ́pọ̀. Ní Ìdó, ní Ìfàkì, ní Ìkọ̀lé, nínú agboolé kan ṣoṣo ni a ti ń rí Mùsùlùmí, Kristẹni àti ẹni tó ṣì ń bọ orí rẹ̀. Bí a bá kéde pé ẹ̀sìn ni ọdún ìlú, ṣé kò ní di pé ìdajì ìlú á kúrò níbẹ̀? Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan kúrò, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n Yorùbá ti ń bá ara wọn ṣọdún Iléyá àti Kérésìmesì láti ìgbà pípẹ́, a sì ń jẹ ẹran ara wa, láìjẹ́ pé Mùsùlùmí kankan kọ́kọ́ kéde pé Iléyá kì í ṣe ẹ̀sìn. Kí ló dé tó jẹ́ pé oníṣẹ̀ṣe nìkan ló gbọ́dọ̀ sẹ́ ẹ̀sìn rẹ̀ kí a tó bá a jókòó? Ìrẹ́pọ̀ tó ń béèrè pé kí ẹnìkan fi ara pa mọ́ kò tíì dọ́gba. Abala 38 nínú òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún gbogbo ènìyàn ní òmìnira ẹ̀sìn, ẹ̀sìn ni òfin náà sì dárúkọ. Ẹni tó ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé tòun kì í ṣe ẹ̀sìn, orí kí ni yóò dúró lé tí wọ́n bá wá sọ fún un pé kó má ṣe ọdún rẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe rí ní Ìlọrin lọ́dún 2023?

Àtakò kẹta ló le jù. Wọ́n á ní: bí o bá sọ pé ẹ̀sìn yìí gba gbogbo ìgbésí-ayé, a jẹ́ pé gbogbo ohun burúkú inú rẹ̀ náà jẹ́ ti ẹ̀sìn. Ní Íńdíà, pípín ènìyàn sí ìran gíga àti ìran ẹ̀gbin nìyẹn. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tí wọ́n ń fi ojú opó rí nìyẹn, àti orò tí ń sé obìnrin mọ́lé láìka ọjà tàbí ilé-ìwòsàn sí. Mo gbà. Ìdáhùn mi kò ní jẹ́ pé "ìyẹn kì í ṣe ẹ̀sìn, àṣà ni," nítorí ibi sísá yẹn gan-an ni mò ń bá wí láti òkè. Bhimrao Ambedkar, tí wọ́n bí sínú ìran tí wọ́n ń pè ní ẹ̀gbin, kò gba irú àwáwí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1927, ní Mahad, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ dáná sun ìwé Manusmriti ní gbangba, torí pé inú ìwé mímọ́ ni ìyà wọn ti wá. Òun ló wá ṣe olórí ìgbìmọ̀ tó kọ òfin Íńdíà. Abala 17 nínú òfin náà, láti 1950, sì fòpin sí kíka ènìyàn sí àìgbọdọ̀fọwọ́kàn. Síbẹ̀ kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó kúrò nínú ẹ̀sìn Híńdù ní October 1956 ní Nagpur, ó di ẹlẹ́sìn Búdà, ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn sì bá a lọ. Gandhi dúró nínú ẹ̀sìn náà ní tirẹ̀, ó fi ahimsa àti dharma bá àwọn Híńdù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wí, Híńdù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì yìnbọn pa á ní January 1948. Àwọn méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan lórí púpọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gbà pé ẹ̀sìn náà gbọ́dọ̀ dáhùn. Nítorí náà, bí ọkùnrin kan bá ní orò sọ pé kí obìnrin tó ń rọbí dúró sílé, mi ò ní bá a sọ̀rọ̀ àṣà. Màá bi í pé níbo nínú ìwàpẹ̀lẹ́ ni ìyẹn wà? Oníṣẹ̀ṣe tó gbà pé ẹ̀sìn lòun ń ṣe ló lè dáhùn ìbéèrè yẹn, tó sì lè yí padà. Ẹni tó ní àṣà lásán ni kò ní ìdáhùn kankan ju pé bí a ṣe bá a nìyẹn lọ.

Ibì kan wà láyé tí ọmọ Yorùbá àti ọmọ Híńdù ti pàdé, tí wọ́n sì gbé pọ̀ fún ohun tó lé ní àádọ́jọ ọdún. Trinidad ni. Ọkọ̀ ojú omi Fatel Razack gúnlẹ̀ síbẹ̀ ní May 1845 pẹ̀lú àwọn ará Íńdíà tí wọ́n kó wá ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké. Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn náà ni wọ́n ń kó àwọn Yorùbá tí wọ́n gbà sílẹ̀ nínú ọkọ̀ ẹrú wá sí erékùṣù náà. Ìran méjèèjì ni wọ́n fi ẹ̀sìn wọn ṣẹ̀sín. Nínú àgbàlá òrìṣà kan níbẹ̀ lónìí, a lè rí àsíá Hanuman, òrìṣà Híńdù kan, nítòsí ti Ògún. Àwọn Híńdù ibẹ̀ kò sọ pé àṣà lásán ni tàwọn. Lábẹ́ olórí wọn, Bhadase Maraj, ní àwọn ọdún 1950, wọ́n kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn káàkiri. Àwọn kan fi wọ́n ṣẹ̀sín pé ilé màlúù ni, wọn kò dúró. Láti 1966 ni Diwali ti jẹ́ ọjọ́ ìsinmi fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà. Àwọn olórìṣà náà tẹ̀lé wọn: lọ́dún 1999, ilé ìgbìmọ̀ Trinidad àti Tobago ṣe òfin tó fi ẹsẹ̀ ìgbéyàwó àwọn olórìṣà múlẹ̀. Orúkọ Ògún tó ti Ìrè lọ gba ipò ẹ̀sìn lábẹ́ òfin lókè òkun, nígbà tí àwa tó ni ilé ń sọ pé àṣà ni.

Nítorí náà, mo ní ẹ̀bẹ̀ sí àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀yin Kábíyèsí wa, Onírè, Ọlọ́yẹ́, Ẹlẹ́kọ̀lé, Olójùdó àti Àtá Ayédé, ẹ jẹ́ kí àwọn àwòrò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ọdún ṣáájú olóṣèlú, kí wọ́n sọ ohun tí òrìṣà náà ń béèrè lọ́wọ́ wa. Ẹ pe gbogbo ènìyàn, ẹ má fi ipá mú ẹnikẹ́ni, ẹ má sì gba owó ọdún lọ́wọ́ ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kò jẹ́ kó wá. Ẹ̀yin olùkọ́ Yorùbá, tí iṣẹ́ yín ń fi òrìṣà kọ́ ọmọ wa bí ẹni ń to orúkọ sínú tábìlì, ẹ kọ́ wọn ní ìwà tó wà nídìí rẹ̀. Yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ti wà ní Ọ̀yẹ́ àti Ìkọ̀lé láti 2011. Iṣẹ́ ńlá wà fún àwọn ọ̀mọ̀wé ibẹ̀ láti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu àwọn ìyá olórìṣà Ayédé àti àwọn àgbà Ìrè kí wọ́n tó kú tán. Kí ìjọba Èkìtì sì wo bí ẹ̀kọ́ ìṣẹ̀ṣe ṣe lè wọ ilé-ìwé wa gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Kristẹni àti ti Ìsìláàmù, fún ọmọ tí òbí rẹ̀ bá fẹ́ ẹ. Òfin ilẹ̀ wa kò kọ̀ ọ́.